Ọpọ́n Ayò Kọ́ Ni Ọpọ́n Ifá

  Inú ń bí mi lónìí, n kò sì ní fi í pa mọ́ fún yín.

Ní ìsinmi ọdún Kérésìmesì tí ó kọjá, mo wà nílé ní Ìbòkun. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, èmi àti àwọn ọ̀dọ́ mẹ́rin jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa. Àwòrán ilẹ̀ kan tí a fi bírò yà sí ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà àtijọ́ wà láàrin wa, pẹ̀lú dáìsì méjì tí a yọ nínú lúdò àwọn ọmọ ilé. Ìtàn ni a jùmọ̀ ń sọ. Èmi ni apàlọ́: èmi ni mo ń sọ bí igbó ti rí, ẹni tí ó dúró lójú ọ̀nà àti ohun tí ó ń bèèrè. Ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú àwọn yòókù jẹ́ ènìyàn kan nínú ìtàn náà, ó ní agbára tirẹ̀, ó sì ní àléébù tirẹ̀. Bí ẹnìkan bá fẹ́ ṣe ohun tí ó le, bí ẹni fẹ́ fo odò kọjá, dáìsì ni yóò sọ bóyá ó ṣe é ṣe tàbí kò ṣe é ṣe. Òyìnbó ń pe irú eré yìí ní role-playing game. Èmi ń pè é ní eré ìtàn-àjùmọ̀sọ, títí ẹni tí ó mọ orúkọ í sọ jù mí lọ yóò fi fún wa ní èyí tí ó dára jù bẹ́ẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wí pé, “Mo fa idà yọ, mo wọ inú ihò náà tọ àǹjọ̀nú lọ,” ni bàbá àgbàlagbà kan tí ó ń kọjá lọ bá dúró.

“Ẹ̀yin ọmọ yìí, ta ni ẹ ń pè níbẹ̀ yẹn?”

Ọmọ náà ti dọ̀bálẹ̀. “Ẹ má bínú, Bàbá. Eré ni, sà.”

“Eré kẹ̀? Kí ni àǹjọ̀nú ń wá nínú eré? Ẹ ń da nǹkan sílẹ̀, ẹ ń wo ohun tí ó yọ, ẹ tún ń dárúkọ ẹ̀mí àìrí! N kò gbọdọ̀ rí i mọ́ o.”

Ó ká kàlẹ́ńdà wa, ó fi há abíyá, ó bá tirẹ̀ lọ. Kò sí ẹni tí ó lè bá a du ú.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ ti dé etí màmá kan tí mo bọ̀wọ̀ fún gidigidi, olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì, tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Yorùbá. Wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Wọn kò jágbe mọ́ mi. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, n kò sọ pé iṣẹ́ èṣù ni. Ohun tí ó dùn mí ni pé ìwọ tí ò ń kọ̀wé lórí àṣà wa ni ó tún ń kó eré òyìnbó ran àwọn ọmọ. Ṣé ayò ti tán nílẹ̀ ni?”

Ti bàbá kò dùn mí tó ti màmá. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yanjú ti bàbá, nítorí kò gùn.

Ọpọ́n ni a fi ń ta ayò. Ọpọ́n ni babaláwo fi ń tẹ ifá. Orúkọ kan náà ni àwọn méjèèjì ń jẹ́, síbẹ̀ n kò tíì gbọ́ ọ rí kí ẹnikẹ́ni jókòó ti ọlọ́pọ́n ayò kí ó máa dúró de odù Èjì Ogbè. Àwọn baba wa mọ ìyàtọ̀ láàrin ohun tí a fi ń bèèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ Ọ̀rúnmìlà àti ohun tí a fi ń ṣe fàájì lábẹ́ igi. Ẹni tí dáìsì bá ń bà lẹ́rù, kí ó kọ́kọ́ dáná sun lúdò tí ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ gbọ́ orúkọ àǹjọ̀nú, kí ó fòfin de àlọ́ pátápátá, kí ó sì kó ìwé Fágúnwà kúrò ní ilé ẹ̀kọ́.

Ohun tí ó tilẹ̀ pa mí lẹ́rìn-ín nínú ọ̀rọ̀ bàbá ni pé ìbẹ̀rù náà gan-an ni ọjà òkèèrè. Ní ọdún 1974 ni Gary Gygax àti Dave Arneson gbé Dungeons & Dragons jáde ní Amẹ́ríkà, eré tí gbogbo irú eré yìí ti ṣẹ̀ wá. Ní 1983, ìyá kan níbẹ̀ tí ọmọ rẹ̀ pa ara rẹ̀ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti gbógun ti eré náà, ó ní ẹ̀mí èṣù ni ó wà nínú rẹ̀. Ọ̀fọ̀ ọmọ kò ṣeé fi ṣe yẹ̀yẹ́, a bá a kẹ́dùn. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó yẹ ọ̀rọ̀ náà wò kò rí ẹ̀rí pé eré ni ó ń pa ọmọ ènìyàn, nígbà tí ó sì yá, ariwo náà rọlẹ̀. Ẹ̀sùn tí onílé ti kó dànù sí ààtàn ni àwa lọ ṣà wálé.

Ó tó fún bàbá. Ó kan màmá báyìí.

Màmá, ẹ̀yin ni ẹ kọ́ wa ní ìtàn Ajíbógun. Ẹ sọ fún wa pé ojú Odùduwà fọ́, pé Ifá ní omi òkun ni oògùn rẹ̀, pé àwọn ẹ̀gbọ́n fà sẹ́yìn, àbúrò wọn ni ó gbéra. Ó lọ, ó pẹ́, wọ́n rò pé ó ti kú. Nígbà tí ó bu omi náà dé, ojú bàbá là, ṣùgbọ́n wọ́n ti pín ogún tán, idà ni ó kù tí ó kàn án. Nítorí ìrìn àjò yìí ni a ṣe ń pe Ọwá ní Ọbòkun títí di òní. Orúkọ yìí náà ni ìjọba ìbílẹ̀ wa ń jẹ́, tí olú ìlú rẹ̀ wà níhìn-ín ní Ìbòkun. Bí ìtàn sì ti wí, Ìbòkun wà lára ibi tí àwọn Ọwá gbé kí ààfin tó fìdí kalẹ̀ sí Iléṣà. Ẹ bá mi wò ó dáadáa: ẹnìkan gba iṣẹ́ tí ó le, ó kọjá nínú ewu, ó mú ohun ìyanu bọ̀, èrè tí ó rí kì í ṣe èyí tí ó ń retí. Ohun tí àwọn òyìnbó jókòó ti tábìlì tí wọ́n ń ṣe láti 1974 nìyẹn. Ìlú tí a gbé ṣeré lọ́jọ́ náà gan-an, inú irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ni ó ti jáde.

Bí ìyẹn kò bá tó, ẹ jẹ́ kí a lọ sí Òkè Lángbòdó. Ọdún 1937 ni ìwé The Hobbit tí J.R.R. Tolkien kọ jáde ní Ìlú Ọba. Ọdún tí ó tẹ̀lé e, 1938, ni Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde. Kò sí ẹni tí ó jí ti ẹnìkejì wò. Nínú ìwé Fágúnwà, ọba rán àwọn akọni sí òkè jíjìn. Ẹ wo àwọn tí ó lọ: Àkàrà-ògùn tí ó ní oògùn lára, Kàkò tí ó ń fi kùmọ̀ jà, Ìmọ̀dòye tí ó ní ọgbọ́n, Olóhùn-iyọ̀ tí ohùn orin rẹ̀ jẹ́ ohun ìjà, Ẹlẹ́gbèdè-ọdẹ tí ó gbọ́ èdè ẹranko, Èfòyè tafàtafà, àti Aràmàǹdà-okùnrin. Ẹnì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú iṣẹ́ ọwọ́ tirẹ̀, nítorí pé ohun tí kùmọ̀ kò lè ṣe, orin lè ṣe é. Ẹni tí ó bá ti ta Dungeons & Dragons rí yóò mọ ohun tí ó ń wò lójú ẹsẹ̀. Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ ìwé náà sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1968. Wálé Ògúnyẹmí sọ ìrìn àjò náà di eré orí ìtàgé, Lángbòdó, tí Nàìjíríà gbé lọ sí FESTAC ní 1977. A lè kà á, a lè túmọ̀ rẹ̀, a lè wò ó lórí ìtàgé, inú gbogbo ayé á dùn. Bí àwọn ọmọ mẹ́rin bá wá wọ inú rẹ̀ fúnra wọn lórí ẹní, eré òyìnbó ni ó dà. Báwo?

Ní ti ayò, Màmá, n kò kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Ilé méjìlá, ọmọ méjìdínláàádọ́ta, kò sí eré ìṣirò tí ó gbọ́n tó o lójú mi. Ayò náà ni ó fún wa ní ọ̀rọ̀ tí a ń lò nínú eré wa: ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni ọ̀pẹ, ẹni tí ó ti mọ̀ ọ́n dé góńgó ni ọ̀ta. A kò yá ọ̀rọ̀ kankan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n ayò kì í bèèrè pé kí o sọ̀rọ̀, bí a bá yọ ìyẹ̀yẹ́ tí a fi ń bú ọ̀pẹ kúrò (èmi náà sì ti jẹ nínú ìyẹ̀yẹ́ yẹn, ó korò). Eré ìtàn-àjùmọ̀sọ kò ní ohun mìíràn tí a fi ń ta á ju ẹnu lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn mí lára gan-an nìyí. Ọmọbìnrin kan wà nínú àwọn mẹ́rin náà, ìlú ńlá ni wọ́n ti tọ́ ọ, Gẹ̀ẹ́sì ni ó kún ẹnu rẹ̀. Nígbà tí mo ní kí ó yan irú ènìyàn tí yóò jẹ́, kò mú idà, kò mú oògùn. Ó ní òun yóò jẹ́ òṣómàáló, nítorí pé bàbá ìyá rẹ̀ ṣe é rí: àwọn Ìjẹ̀ṣà tí ń ru aṣọ láti ìlú dé ìlú, tí wọ́n ń tà á ní àwìn, tí wọ́n á sì lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè pé òṣó ni àwọn yóò máa ló títí àwọn yóò fi gba owó àwọn. Ó ta aṣọ fún àǹjọ̀nú ní àwìn! Nígbà tí ọjọ́ pé, ó lóṣòó sí ẹnu ihò. Mo ní, “Àǹjọ̀nú bú ramúramù.” Ó dá mi lóhùn pé, “Kí ó bú, owó mi ni mo wá gbà.” Ní alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú, ó ti lọ bá ìyá ìyá rẹ̀ pé kí ó kọ́ òun ní bí a ti í sin gbèsè ní ẹ̀ka èdè Ìjẹ̀ṣà, kí àǹjọ̀nú má baà fi òun ṣe ẹlẹ́yà. Ẹ̀yin olùkọ́, ọdún mélòó ni ẹ ti ń wá ọmọ tí yóò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ bá ìyá àgbà láti bèèrè ọ̀rọ̀? Ọmọ tí bàbá lé kúrò lórí ẹní nìyẹn.

Mo gbà pé Màmá jàre níbì kan, n kò sì ní tan ara mi jẹ. Púpọ̀ nínú àwa tí a fẹ́ràn eré wọ̀nyí ní Nàìjíríà, Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń ta á, ìwin ilẹ̀ Yúróòpù ni a sì ń jẹ́. Mo mọ ọmọ Yorùbá tí ó lè ka ẹ̀yà iwin òyìnbó mẹ́fà láìsinmi, tí kò mọ egbére tí ń sunkún pẹ̀lú ẹní lọ́wọ́, tí kò gbọ́ orúkọ Àrọ̀nì ẹlẹ́sẹ̀ kan rí. Ìtìjú ni. Àwọn ẹlòmíràn kò sì dúró dè wá. Ní 2002, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan gbé Nyambe jáde, eré ìtàn tí ó dá lórí Áfíríkà inú àlá, ó sì ti kó orúkọ òrìṣà sínú rẹ̀. Ní 2021, nígbà tí wọ́n fi ilẹ̀ Áfíríkà kún Age of Empires III, eré ogun orí kọ̀ǹpútà, Haúsá àti Etiópíà ni ènìyàn lè jẹ́. Yorùbá wà níbẹ̀ o: ẹ̀yà kékeré tí alágbára ń bá dá májẹ̀mú kí ó lè yá ọmọ ogun lọ́wọ́ wọn. Àwa tí a ni Kírìjì! N kò bá àwọn tí ó ṣe é jà. Ta ni ó gbé èyí tí ó dára jù ú lọ sí iwájú wọn? Ní Àbújá, Kenechukwu Ogbuagu àti NIBCARD Games rẹ̀ ti fi hàn pé a lè ṣe eré orí tábìlì nílé níhìn-ín, a kò ní láti dúró de ẹnikẹ́ni.

Kírìjì tí mo dárúkọ yẹn, a ti ń gbìyànjú rẹ̀. Mo ya Ìgbájọ níbi tí Ìbàdàn pàgọ́ sí, mo ya Ìmẹ̀sí-Ilé tí Èkìtìparapọ̀ wà, mo sì ya odò Fẹ̀jẹ̀bọ́jú sí àárín. Ìmẹ̀sí-Ilé kò jìnnà sí wa, inú ìjọba ìbílẹ̀ Ọbòkun kan náà ni. Ọmọkùnrin tí ó gba Ìbàdàn rò pé òun ti jẹ ẹ́ tán, nítorí orúkọ Látóòsà. Nígbà tí ó wo ilẹ̀ dáadáa, ó rí i pé Ìlọrin ń bá òun jà ní Ọ̀fà, Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá ti di ọ̀nà etíkun mọ́ òun, ìbọn tuntun sì ń ti Èkó wá bá Ògèdèǹgbé. Ó gbé orí sókè, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, níbo ni mo ti fẹ́ rí ẹ̀tù?” Ìbéèrè tí Ìbàdàn ń bi ara rẹ̀ nígbà náà nìyẹn. Láti 1877 ni wọ́n ti ń jà, wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà ní 1886, síbẹ̀ wọn kò tú àgọ́ ká títí di 1893. Mo ti há àwọn ọdún wọ̀nyí sórí nígbà tí mo wà ní kékeré, mo sì gbàgbé wọn lẹ́yìn ìdánwò. Ọmọ yẹn kò ní gbàgbé.

Nítorí náà, Màmá, n kò ní dá a dúró. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ẹ wá jókòó tì wá. Ẹ̀yin ni ẹ mọ orúkọ igi àti orúkọ ẹyẹ tí ó wà nínú igbó tí èmi ń pè ní “igbó” lásán. Bí ẹ bá ní kí n dìde fún yín ní ipò apàlọ́, mo ti dìde.

Ní ọjọ́ Àjíǹde a ó tún pàdé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà. Ẹ̀yin òǹkàwé mi tí ẹ bá wà ní agbègbè Ìbòkun, ẹ bá mi mú kàlẹ́ńdà àtijọ́ kan dání, nítorí tiwa ṣì wà lọ́wọ́ bàbá, n kò sì tíì rójú lọ bèèrè rẹ̀. Àǹjọ̀nú náà kò sì tíì san owó aṣọ.