Ẹ Gba Ohùn Àgbà Sílẹ̀ Nígbà Tó Ṣì Ń Dún

A dúpẹ́ lọ́wọ́ Elédùmarè tó jẹ́ kí oṣù mẹ́ta mìíràn tún bá wa láàyè. Àwọn tó bímọ láàárín wa, Ọ̀ṣun á bá wa fi omi tútù wẹ̀ wọ́n. Àwọn tí ara wọn ò yá, Ọ̀sanyìn á wò wọ́n sàn.

Ọ̀rọ̀ fóònù ni mo mú wá lọ́tẹ̀ yìí. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ló ń bínú sí i. Ẹ pe ọmọ, kò gbọ́. Ẹ na nǹkan sí i, kò lè fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, fóònù ti gba ọwọ́ kan. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n mo bá nǹkan kan pàdé lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó mú mi jókòó jẹ́ẹ́, mo sì fẹ́ kí gbogbo ilé gbọ́ ọ.

Ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan wà ní Amẹ́ríkà, Lorenzo Dow Turner lorúkọ rẹ̀, onímọ̀ èdè ni. Ní àwọn ọdún 1930, ó gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ lọ bá àwọn tí wọ́n ń pè ní Gullah, ní etí òkun Georgia àti South Carolina. Àtọmọdọ́mọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú kúrò nílẹ̀ adúláwọ̀ ni wọ́n. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ìgbà yẹn ló ń sọ pé Gẹ̀ẹ́sì tó bàjẹ́ lásán ni wọ́n ń sọ. Turner ní kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú ìwé tó gbé jáde ní 1949, ó to ẹgbẹẹgbẹ̀rún orúkọ àti ọ̀rọ̀ tó ti ilẹ̀ wa lọ síbẹ̀, Yorùbá sì wà nínú wọn dáadáa.

Ní Harris Neck, ní Georgia, obìnrin kan tó ń jẹ́ Amelia Dawley kọ orin kan fún un. Kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn ìyá rẹ̀ ló ti gbọ́ ọ, ó sì kọ́ ọmọ tirẹ̀ náà. Èdè Mende ni orin ọ̀hún, èdè kan nílẹ̀ Sàró, ìyẹn Sierra Leone. Ó ju àádọ́ta ọdún lọ lẹ́yìn náà kí àwọn olùwádìí tó tọ ipasẹ̀ orin náà. Wọ́n rí Mary Moran, ọmọ Amelia, ó ṣì mọ̀ ọ́n kọ. Wọ́n dé abúlé kan tó ń jẹ́ Senehun Ngola nílẹ̀ Sàró, wọ́n bá Bendu Jabati níbẹ̀, tí ìyá àgbà tirẹ̀ fi irú orin yẹn lé e lọ́wọ́. Orin ìsìnkú ni. Ní 1997, Mary Moran fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ ilẹ̀ Sàró, òun àti Bendu sì fojú rinjú.

Ẹ bá mi wò ó o. Wọ́n gba ilé, wọ́n gba orúkọ, wọ́n gba èdè. Orin kúkúrú kan ló kù lẹ́nu ìyá, òun ló wá júwe ilé fún ọmọ.

Turner kò dúró síbẹ̀. Ní 1940, ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lọ sí Bahia, ní Brasil. Ẹ̀yin náà mọ Bahia, ibi tí wọ́n ti ń pe Ṣàngó, Ọ̀ṣun àti Yemọja títí dòní. Ó gba ohùn Mãe Menininha, ìyálórìṣà ilé Gantois. Ó gba ohùn Martiniano do Bonfim, babaláwo. Bahia ni wọ́n bí Martiniano sí, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ mú un wá sí Èkó ní 1875, ó sì lé lọ́dún mẹ́wàá níbí kó tó padà sọ́hùn-ún. Ní 1943, bàbá náà papò dà. Ká ní Turner sún ìrìn àjò yẹn síwájú ní ọdún mẹ́rin péré, òfo ni ì bá bá. Ohùn tó gbà wà ní Yunifásítì Indiana ní Amẹ́ríkà di bí mo ti ń wí yìí.

Ohun tó jẹ́ kọ́rọ̀ yìí ká mi lára nìyí. Nílé tiwa, ìyá àgbà wa ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Òun nìkan ló kù tó lè ki oríkì orílẹ̀ ilé wa láti òkè délẹ̀ láìdúró. Ìyàwó ilé sì ni o! Ìyá ọkọ rẹ̀ ló kọ́ ọ, láàárọ̀ kùtù, nígbà tí wọ́n ń fi oríkì jí ọkọ àti ọmọ. Àwa ọmọ bíbí inú ilé, ìlà mẹ́rin márùn-ún la mọ̀, lẹ́yìn ìyẹn, ó di ká máa mi orí.

Lọ́jọ́ ọ̀sẹ̀ Ifá tó kọjá, ọmọ àbúrò mi kan ní òun fẹ́ gbà á sílẹ̀, òun á sì gbé e sórí TikTok. Bàbá wa, olórí ilé, fárí gá: “Ilé yìí kì í ṣe ọjà.” Ìyá àgbà ló rọra dá wọn lóhùn: “Ọkọ mi, bí mo bá lọ, lẹ́nu ta ni ẹ ó ti gbọ́ ọ?” Gbogbo ilé dákẹ́.

Ibi tí a parí rẹ̀ sí nìyí, bóyá ó lè wúlò fún ilé tiyín náà. Oríkì, orin ọdún tí a ń kọ níta gbangba, ìtàn bí ilé ṣe tẹ̀dó, orúkọ àwọn tó ti kọjá: a ó gbà wọ́n sílẹ̀, ilé ni yóò sì tọ́jú wọn. Ohun tó jẹ́ ti igbódù, a ò ní tan ẹ̀rọ sí i rárá. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ, kó wá jókòó lẹ́sẹ̀ àgbà. Èyí tó bá rú wa lójú, à á bi àgbà. Bí àgbà bá ní ó dọwọ́ Ifá, à á bi Ifá. Ní ti gbígbé e síta, ilé gbọ́dọ̀ fẹnu kò ná. Ẹyin lohùn, bó bá ti bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò ṣeé kó mọ́.

Iṣẹ́ náà ò le. Ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ àgbà, ẹ má jí ohùn rẹ̀ gbà. Ẹ pa tẹlifíṣọ̀n àti jẹnẹrétọ̀. Kí ẹni tó ń gbà á kọ́kọ́ dárúkọ àgbà náà, ìlú rẹ̀ àti déètì ọjọ́ náà, torí lọ́gbọ̀n ọdún sí i, ta ni yóò mọ̀? Ẹ jẹ́ kí àgbà mí, ẹ má já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bó bá parí, ẹ bi í léèrè ọ̀rọ̀ tí kò yé yín, kí ìtumọ̀ náà wọlé. Lẹ́yìn náà, ẹ fi sí ibi méjì, ó kéré tán: fóònù máa ń bọ́ sómi, wọ́n sì máa ń jí i. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni kí ọmọ kan nínú ilé máa gbọ́ ọ títí yóò fi lè kì í fúnra rẹ̀. Mary Moran ò ní ẹ̀rọ lọ́wọ́; ẹnu ìyá rẹ̀ ló ti gbà á.

Kí ìwé wa tó ń bọ̀ tó jáde, mo bẹ̀ yín, kí ilé kọ̀ọ̀kan gba ohùn àgbà kan, ẹyọ kan péré. Ẹ̀yin ọmọ tẹ́ ẹ fẹ́ràn fóònù jù, ẹ̀yin ni mo ń bá wí: ẹ gbé e, kẹ́ ẹ lọ jókòó ti Ìyá. Ẹ kọ̀wé sí wa bẹ́ ẹ bá ṣe é.

Kí àgbà má tán nílé wa, kí ọmọ má sọ ohùn bàbá nù. Àṣẹ. Ó tún dìgbà kan ná.