A Ò Tíì Lé Akátá Jìnnà

Àwọn àgbà ní ká kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, ká tó fàbọ̀ bá adìyẹ. Àsìkò ni ọ̀pọ̀ wa gbà pé òwe náà ń sọ: ìbáwí adìyẹ lè dúró, ti akátá kò ṣeé fi dọ́la. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ìbéèrè mìíràn wà nínú rẹ̀: ta ló ni adìyẹ? Ìjà tó wáyé ní Athens, olú-ìlú Gíríìsì, lọ́dún 1944, tí àwọn ará ibẹ̀ ṣì ń bá ara wọn jiyàn lé lórí títí dòní, ló jẹ́ kí n máa bi ara mi.

Oṣù Kẹrin 1941 ni ọmọ ogun Jámánì wọ Athens. Ìyàn mú nígbà òtútù ọdún náà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn sì kú. Ọba ti sá lọ. Àwọn tó kù nílé ló dá ẹgbẹ́ EAM sílẹ̀ láti bá Jámánì jà. Àwọn kọ́múníìsì ló ṣáájú, ṣùgbọ́n àgbẹ̀, olùkọ́ àti àlùfáà pàápàá wà níbẹ̀. ELAS ni ọmọ ogun wọn. Ní oṣù Kọkànlá 1942, àwọn, ẹgbẹ́ EDES àti ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì jọ fọ́ afárá reluwé Gorgopotamos mọ́ Jámánì lọ́wọ́. Gẹ̀ẹ́sì mọ̀ wọ́n dáadáa.

Ní oṣù Kẹwàá 1944, Jámánì kó kúrò ní Athens. Lóṣù yẹn náà ni Churchill, olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, àti Stalin, olórí Soviet, jókòó ní Mọ́sìkò, tí wọ́n pín ilẹ̀ onílẹ̀ lórí tákàdá: ìdá 90 nínú 100 agbára lórí Gíríìsì di ti Gẹ̀ẹ́sì. Wọn ò bi ará Gíríìsì kankan. Stalin ò sì yẹ àdéhùn. Nígbà tí wọ́n ń pa àwọn tó ń pè é ní bàbá, kò fọhùn.

Scobie, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì, ní kí ELAS kó ìbọn sílẹ̀. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá, lábẹ́ ìjọba Georgios Papandreou, ọlọ́pàá yìnbọn lu èrò tó ń wọ́de ní gbàgede Syntagma. Ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín Gẹ̀ẹ́sì àti ELAS nígboro. Akátá, ìyẹn Jámánì, ńkọ́? Ó ṣì wà ní Kírétè, erékùṣù Gíríìsì kan náà, títí di oṣù Karùn-ún 1945. Ó ṣì ń jà ní Ítálì, níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ti kó ọmọ ogun kúrò wá sí Athens! Èyí tó wá burú jù: àwọn ará Gíríìsì tí Jámánì fún ní ìbọn láti máa fi ṣọdẹ ELAS, ọ̀pọ̀ wọn ló wọṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ ìjọba tuntun. Ọmọ akátá ni wọ́n rán sí adìyẹ.

N ò ní adìyẹ ò jẹ̀bi o. ELAS kó èèyàn nígbèkùn, wọ́n sì pa nínú wọn; ẹni tí wọ́n pa ọmọ rẹ̀ kò ní fẹ́ gbọ́ òwe lẹ́nu mi. Àmọ́ ará Gíríìsì ló ni ẹjọ́ yẹn. Ní oṣù Kejì 1945, ELAS kó ìbọn sílẹ̀ ní Varkiza, làwọn ẹlẹ́gbẹ́ ọba bá bẹ̀rẹ̀ sí í dọdẹ wọn lábúlé. Ó di ogun abẹ́lé láti 1946 sí 1949. Ààrẹ Truman ní kí Amẹ́ríkà fi mílíọ̀nù 400 dọ́là ran Gíríìsì àti Tọ́kì lọ́wọ́, ìjọba Gíríìsì sì kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn lọ sí àgọ́ ẹlẹ́wọ̀n ní erékùṣù Makronisos.

Ọdún 1982 ni òfin Gíríìsì tó gbà pé EAM àti ELAS bá Jámánì jà fún ilẹ̀ wọn. Andreas, ọmọ Georgios Papandreou, ló wà nípò olórí ìjọba nígbà náà.