Ìfun Tanwíjí Ló Yẹ Kó Jẹ́ Ojú Ogun Ẹ̀fọn

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1999, àìsàn kan tí wọn ò rí rí bẹ̀rẹ̀ sí í dá àwọn àgbàlagbà gúnlẹ̀ ní Queens, nílùú New York. Àwọn ẹyẹ náà ń kú. Àrùn West Nile, tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní Uganda lọ́dún 1937, ni, ẹ̀fọn ló sì ń gbé e kiri. Ènìyàn 7 ló pa lágbègbè náà lọ́dún yẹn.

Látìgbà náà, àwọn elétò ìlera ìlú náà kì í dúró dìgbà tí ẹ̀fọn bá níyẹ̀ẹ́. Ihò tí omi òjò ń gbà lẹ́bàá títì níbẹ̀ ju 100,000 lọ, ibẹ̀ sì ni wọ́n ń da oògùn tó ń pa tanwíjí, ìyẹn ọmọ ẹ̀fọn inú omi, sí. Ọ̀kan lára oògùn náà ni Bti, bakitéríà tí wọ́n rí ní aṣálẹ̀ Negev ní Ísírẹ́lì lọ́dún 1976.

Ara tanwíjí fúnra rẹ̀ ló ń ran Bti lọ́wọ́. Àwọn purotéènì kan wà lára ìfun rẹ̀ tí wọ́n ń fa áyọ́ọ̀nì, ìyẹn èérún iyọ̀ àti ásíìdì, láti ìhà kan sí èkejì. V-ATPase ni ògúnná gbòǹgbò wọn: oríṣi purotéènì tó lé ní mẹ́wàá ló para pọ̀ di í, oríṣi kọ̀ọ̀kan ló sì ní jíìnì tirẹ̀. Iṣẹ́ wọn ló ń sọ omi ìfun tanwíjí di bíi ti káún, tí pH rẹ̀ fi ń ju 10 lọ. Inú omi yìí ni májèlé Bti ti ń yòrò, tó sì ń dá ìfun náà lu. Ásíìdì ló wà níkùn ènìyàn, ó wà lára ìdí tí Bti kì í fi í pa ènìyàn lára.

Abo ẹ̀fọn náà ò lè ṣe láìsí V-ATPase. Ẹ̀jẹ̀ tó ń mu lẹ́ẹ̀kan lè wúwo ju òun alára lọ, kò sì gbọ́dọ̀ pẹ́ kó tó tọ omi àti iyọ̀ inú rẹ̀ dànù; V-ATPase ló ń bá a ṣe é. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Klaus Beyenbach, lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí èyí ní Yunifásítì Cornell, ní ìpínlẹ̀ New York. Àkójọ jíìnì Anopheles, ẹ̀fọn tó ń gbé ibà kiri, ti wà nílẹ̀ láti 2002, ọ̀fẹ́ sì ni fún ẹni tó bá fẹ́ wá jíìnì V-ATPase nínú rẹ̀.

Nínú ènìyàn 10 tí ibà pa lágbàáyé ní 2022, nǹkan bí 3 ló kú ní Nàìjíríà. Oògùn ara nẹ́ẹ̀tì kò sì ran ọ̀pọ̀ ẹ̀fọn ibẹ̀ mọ́.

Kí wọ́n má ká nẹ́ẹ̀tì kúrò o. Ṣùgbọ́n kí àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá máa da Bti sí adágún àti gọ́tà tí wọ́n bá ti mọ̀ pé tanwíjí wà, kí wọ́n sì fún àwọn onímọ̀ ní Ìbàdàn àti Èkó lówó láti ṣèwádìí àwọn jíìnì V-ATPase lára ẹ̀fọn ilẹ̀ wọn.