Ẹ Jẹ́ Kí Fítà Ìkẹjà Ráyè Lọ Sìn Ní Kétu

Àwa tí à ń gbé láàárín Agége sí Ògbà mọ bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́ ládùúgbò wa. Àwọn tó ṣiṣẹ́ òru ń jáde ní géètì, àwọn tó fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn ń sáré bọ̀ láti Mángòrò àti Ìkẹjà Along. Fítà, wẹ́dà àti rewáyà wà nínú wọn, títí kan ẹni tó jẹ́ pé ó kàn máa gbọ́ bí ẹ̀rọ ṣe ń dún ni, á ti mọ ohun tó ń ṣe é. Ọwọ́ irú wọn làwọn abúlé tó wà lódìkejì bọ́dà, ní orílẹ̀-èdè Benin, ń wá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì fẹ́ lọ, àmọ́ wọn ò ráyè.

Ibo ni àyè yóò ti wá? Òfin iṣẹ́ tí ìjọba ológun ṣe ní 1974 ní kí òṣìṣẹ́ tó bá ti pé oṣù 12 lẹ́nu iṣẹ́ gba lífù tí kò gbọdọ̀ dín ní ọjọ́ iṣẹ́ 6, láìyọ nínú owó rẹ̀. Ọjọ́ 6 nínú odidi ọdún! Ibi tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bá ti múlẹ̀, wọ́n ń gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òfin yẹn tún fún un ní wákàtí 24 láti fi sinmi nínú ọjọ́ 7. Inú wákàtí yẹn ló ti ń fọṣọ, tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, tó ń yọjú síbi ìnáwó ẹbí, tó sì ń rí àwọn ọmọ rẹ̀ lójú ọ̀sán.

Ìjọba àpapọ̀ ní ètò kan fún ẹni tó bá fẹ́ fi iṣẹ́ rẹ̀ ran ilẹ̀ mìíràn lọ́wọ́. Ní 1987, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́lájí Akínyẹmí jẹ́ mínísítà fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, ni wọ́n dá Technical Aid Corps sílẹ̀. Dókítà, nọ́ọ̀sì, olùkọ́ àti ẹnjiníà ti tipasẹ̀ rẹ̀ lọ sìn ní Gáńbíà, ní Jàmáíkà, àní títí dé Fiji. Ètò tó ń múnú mi dùn ni. Ṣùgbọ́n ọdún 2 gbáko ni wọ́n fi ń sìn. Kí fítà tó fi géètì sílẹ̀ fún ọdún 2 tó dé pápá ọkọ̀ òfuurufú, ẹlòmíràn ti wà lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀.

Òkèèrè tí mo ń wí sún mọ́ wa. Láti Agége, èèyàn á gba Sàngó Ọ̀tà dé Ìdírókò, á kọjá bọ́dà sí Ìgólò, ó ti dé ilẹ̀ Ìfọ̀nyìn nìyẹn. Ọ̀nà Sàkétè àti Pọ́bẹ̀ ni yóò gbà dé Kétu, ìlú Alákétu. Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fa ààlà síbẹ̀ ní 1889 láìbi ẹnikẹ́ni léèrè. Lónìí, Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ ibẹ̀ níwèé, Yorùbá ni ìyá rẹ̀ fi ń pè é wá jẹun. Àdéhùn ECOWAS ti 1979 sì gbà wá láyè láti lo ọjọ́ 90 lọ́dọ̀ ara wa láìgba físà. Òpópónà Ọba Akran pàápàá, tí àwọn ilé-iṣẹ́ tò sí, orúkọ ọba Ògù ti Àgbádárìgì ló ń jẹ́, ẹni tó ṣe mínísítà nígbà tí Ìkẹjà ṣì wà lábẹ́ Ìbàdàn. Àwọn èèyàn tirẹ̀ náà wà ní apá méjèèjì bọ́dà.

Kí ni fítà fẹ́ lọ ṣe lọ́hùn-ún? Ẹ wo pọ́ǹpù ọlọ́wọ́ tó wà láàárín abúlé. Tó bá fẹ́ bàjẹ́, kì í dákẹ́ lójijì. Obìnrin tó gbé kẹ́ẹ̀gì wá á fa ọwọ́ rẹ̀ títí kí omi tó yọ, nígbà tó bá sì yọ, á máa kán tó, tó, tó. Lọ́pọ̀ ìgbà, rọ́bà róbótó tó ń gbé omi sókè nísàlẹ̀ páìpù ló ti jẹ. Ẹni tó mọ̀ ọ́n á fa àwọn irin yọ níkọ̀ọ̀kan, á pààrọ̀ rọ́bà, á sì tò wọ́n padà kí oòrùn tó kàn tàrí. Bí kò bá sí ẹni tó mọ̀ ọ́n, odò tí màlúù ti ń mu ni wọ́n á padà sí.

Àwọn kan ń fi òpin ọ̀sẹ̀ gbìyànjú irú iṣẹ́ yìí. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ ọn. Ẹni tó jáde níṣẹ́ òru, tó wọkọ̀ ní Ìyànà Ìpájà láìfojú kan oorun, tó bá kọ́sítọ̀mù àti imigiréṣọ̀n wíjọ́ lọ́nà, á ti rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu kó tó dé abúlé. Á tú pọ́ǹpù, á wá rí i pé rọ́bà tóun mú wá kò bá a mu, á ní òun ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ọ̀gá á ní kó ṣe ófátáìmù. Pọ́ǹpù tó ṣì ń kán omi tẹ́lẹ̀ ti wá di títú sílẹ̀. Ta ni yóò gba àlejò mìíràn gbọ́ lábúlé yẹn?

Àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ni mo ń bẹ̀. Guinness ti ń pọntí ní Ìkẹjà láti 1962, Cadbury dé ní 1965. Ó ti pẹ́ tí adúgbò yìí ti ń kọ́ èèyàn níṣẹ́ ẹ̀rọ. Ilé-iṣẹ́ tó bá lè rí ẹni dípò òṣìṣẹ́ tó ṣàìsàn fún ọ̀sẹ̀ kan lè rí ẹni dípò èyí tó lọ sìn. Kí wọ́n yọ̀ǹda ọjọ́ 5 fún un, kí owó rẹ̀ pé, kó má sì yọ nínú lífù, torí àwọn ọmọ rẹ̀ ló ni lífù. Kí òṣìṣẹ́ náà mú abúlé kan ṣoṣo, kó sì di ọ̀rẹ́ wọn. Kó bá baálẹ̀ sọ̀rọ̀ ṣáájú, kí wọ́n ya fọ́tò pọ́ǹpù náà ránṣẹ́ lórí WhatsApp kó lè mọ rọ́bà tó máa rà. Tó bá débẹ̀, kó kọ́kọ́ sùn. Lẹ́yìn náà, kó pe ọ̀dọ́ 2 mọ́ra bó ṣe ń tú u, kí àwọn náà lè dá a ṣe nígbà mìíràn.

Oṣù Kìíní ló dáa jù. Tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí Oṣù Kẹta sí Ìkẹrin, oko ni gbogbo wọn ń lọ lápá ibẹ̀. Àmọ́ nígbà ọyẹ́, omi kànga ti lọ sílẹ̀, àwọn èèyàn wà nílé, ìyà omi sì wà lójú. Ní Ìkẹjà níbí, ìgbóná ọjà Kérésì ti rọlẹ̀. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tó bá ń múra láti bá ọ̀gá jókòó lórí àdéhùn tuntun, kí wọ́n kọ ọ́ mọ́ ohun tí wọ́n ń béèrè: ọjọ́ 5, Oṣù Kìíní, owó pípé.