Kí ojú-ewé ìtọ́sọ́nà ìwádìí wa ti orí àkọtọ́ bẹ̀rẹ̀

Tí àkókò àpilẹ̀kọ àṣekágbá bá ti dé, ìbéèrè kan náà ló máa ń kún orí WhatsApp kíláàsì: “Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ní ìwé lórí ọ̀rọ̀-ìṣe àsínpọ̀?” Ẹnìkan á fi PDF tí kò ní ojú-ewé àkọ́kọ́ ránṣẹ́, ẹlòmíràn á ní òun náà ń wá a. Lọ́dún tó ń bọ̀, àwọn tó wà ní 300 level báyìí á tún bi ara wọn ní ìbéèrè yẹn. Ọ̀lẹ kọ́ ló ń ṣe wá. Ọ̀nà ni kò sí ẹni tó kó o jọ síbì kan fún wa.

Àwọn ilé-ìkàwé yunifásítì ní Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń ṣe irú ojú-ewé bẹ́ẹ̀ tipẹ́, àgàgà láti ìgbà tí LibGuides ti dé ní 2007: ẹ̀kọ́ kan, ojú-ewé kan, àti ìwé tó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ gbé. Ó dára. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn ti di àkójọ líǹkì gbọọrọ. “Ìwé”, “Jọ́nà”, “Dátábéèsì”, bí ẹni tó ń to ẹrù sórí àtẹ ní ọjà Yábàá. Ta ló jí láàárọ̀ tó ní dátábéèsì lòun ń wá?

Bí ẹ̀ka wa bá máa ṣe tiwa, mo sì gbà pé ó yẹ ká ṣe é, àkọtọ́ ni mo fẹ́ kó wà lókè pátápátá. Ẹ tẹ “Bámgbóṣé” sínú kátálọ́ọ̀gì, ẹ tẹ “Bamgbose”, kí ẹ tún tẹ “Bamgboṣe”. Ohun tí ẹ máa rí lè yàtọ̀ síra. Inú kọ̀ǹpútà ni ìṣòro náà ti ń wá. Nínú Unicode, lẹ́tà ọ ní nọ́ńbà tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọ́ tó ní àmì ohùn òkè kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Ńṣe la máa lẹ àmì ohùn mọ́ ọ. Àwọn kan tún máa ń fa ìlà sábẹ́ lẹ́tà dípò kí wọ́n kán àmì sí i, nọ́ńbà mìíràn nìyẹn. Ojú wa á rí ọ̀rọ̀ kan, ẹ̀rọ á rí mẹ́ta. Kátálọ́ọ̀gì tó gbọ́n máa ń bọ́ àmì kúrò kó tó wá ọ̀rọ̀. Èyí tí kò gbọ́n á ní kò sí ìwé bẹ́ẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ á sì gbà á gbọ́.

Ọ̀rọ̀ náà kò tán síbẹ̀. Àkọtọ́ 1974 ló jẹ́ ká máa kọ “ayé” àti “ènìyàn” dípò “aiye” àti “enia”. Ẹni tó bá ń wá ìwé tó ṣáájú ìgbà náà gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nígbà náà. Orúkọ èdè wa gan-an kò dúró sójú kan: Nago ní orílẹ̀-èdè Benin, Nagô ní Brazil, Lucumí ní Cuba, Aku nínú ìwé àtijọ́ láti Sàró. Ká ní àpótí kékeré kan wà tó to gbogbo ìwọ̀nyí, tí èèyàn kàn lè dà kọ, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan ti di iṣẹ́ ọ̀sán kan.

Lẹ́yìn náà, kí ìwé mọ níwọ̀n, kí gbólóhùn kan sì sọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà fún. A Grammar of Yoruba ti Bámgbóṣé, 1966, àti Essentials of Yoruba Grammar ti Awóbùlúyì, 1978: ẹ ka méjèèjì pọ̀, kí ẹ rí ibi tí wọn kò ti fẹnu kò. Ìwé atúmọ̀ R. C. Abraham, 1958: ẹ kọ́kọ́ ka ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀, torí bó ṣe ń fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀ yàtọ̀ sí tiwa. Kí Fonọ́lọ́jì àti Gírámà Yorùbá, 1990, sì ṣáájú gbogbo wọn. Tí a bá ti ìwé tí wọ́n fi Yorùbá kọ sí ìsàlẹ̀, lábẹ́ “àwọn mìíràn”, kí là ń sọ fún ọmọ 100 level?

Kí ojú-ewé náà sọ èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́ àti èyí tó ń béèrè páswọ́ọ̀dù. Journal of West African Languages, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1964, ọ̀fẹ́ ni. Kí ó sọ bí fáìlì ṣe tóbi tó, torí dátà ni ẹni tó ń fi fóònù kàwé ní Múṣin ń rà. Kí ó sì sọ ibi tí a máa fi ẹsẹ̀ rìn dé. Òfin 1970 ní kí àwọn atẹ̀wéjáde máa kó ẹ̀dà mẹ́ta ìwé wọn fún Ilé-ìkàwé Ìjọba Àpapọ̀, tó ní ọ́fíìsì ní òpópónà Herbert Macaulay, ní Yábàá níhìn-ín. Mélòó nínú wa ló ti wọ ibẹ̀ rí?

Ẹnìkan á ní ChatGPT ti wà. Ẹ ní kó fún yín ní ìwé márùn-ún lórí ohùn Yorùbá, kí ẹ lọ wá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó máa ń ṣẹ̀dá àkọlé tí ẹnikẹ́ni kò kọ rí, á sì fi orúkọ ọ̀jọ̀gbọ́n gidi sí i.

Àtakò tó ní ẹsẹ̀ nílẹ̀ ni pé irú ojú-ewé báyìí kì í pẹ́ kú. Ẹni tó ṣe é á jáde, á di agùnbánirọ̀ ní Sókótó, líǹkì á bàjẹ́, kò ní sí ẹni tó máa tún un ṣe. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kó wà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ilé-ìkàwé, kí ọjọ́ tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò gbẹ̀yìn sì hàn lókè. Kí kíláàsì ìlànà ìwádìí máa yẹ líǹkì wò ní sáà kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n gba máàkì márùn-ún lórí ẹ̀. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti jáde, a kò tọrọ owó: ẹ fi àkójọ ìwé tó wà lẹ́yìn àpilẹ̀kọ yín ránṣẹ́, kí ẹ fàlà sí mẹ́ta tó ràn yín lọ́wọ́ jù. Fonọ́lọ́jì Yorùbá nìkan ni ká fi bẹ̀rẹ̀, kí ojú-ewé náà ti wà kí àwọn 300 level tó lọ fi àkòrí sílẹ̀.