Eyín Ọmọ Lásìkò Ọdún
Bí Kérésìmesì bá ti wọlé, ilé wo lọmọdé yà tí wọn kò ní bu ṣin-ṣin fún un, kí wọ́n fi súìtì àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò lé e? Agolo ẹlẹ́rìndòdò kan ṣoṣo lè ní ṣúgà tó tó gíráàmù 35. Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ní ó sàn kí ti àgbàlagbà pàápàá má ju nǹkan bíi gíráàmù 25 lọ lóòjọ́.

Iye ìgbà tí ṣúgà ń kan eyín ló léwu jù. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, kòkòrò inú ẹnu á ti sọ ọ́ di omi kíkan tó ń jẹ eyín. Itọ́ ní í ṣàtúnṣe, ṣùgbọ́n ó lè gbà á tó ìṣẹ́jú 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ tó ń lá súìtì látàárọ̀ dalẹ́ kò fún itọ́ láyè rárá.

Kí òbí má fi nǹkan dídùn du ọmọ lọ́jọ́ ọdún. Kó jẹ ẹ́ mọ́ oúnjẹ, kó sì fomi yọ ẹnu.

Pákò dára láàárọ̀. Lálẹ́, ọṣẹ ìfọyín tó ní fluoride ṣe pàtàkì, torí itọ́ máa ń dínkù lójú oorun. Fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3, èyí tó tó hóró ìrẹsì kan ti tó.