Ọ̀rọ̀ Kan Kò Tó fún Ṣáàfù Tí Ó Bàjẹ́

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ó yẹ kí àwa tí ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ẹ̀rọ fi èyí sọ́kàn. Ẹ jẹ́ kí a wo irú ẹ̀rọ ìdí ọkọ̀ ojú omi tí Volvo Penta gbé jáde ní 1959. Irin tí ń yí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ nínú omi ni àwọn mẹkáníìkì ń pè ní ṣáàfù. Bí ìwé bá sọ pé ṣáàfù "bàjẹ́", kò tíì kọ́ ẹnikẹ́ni ní iṣẹ́.

Bí ó bá tẹ̀, yóò máa gbọ̀n. Rọ́bà tí ń dí omi yóò ya, omi yóò wọ inú ọ́ìlì jíà, ọ́ìlì yóò sì funfun bíi wàrà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá pààrọ̀ rọ́bà nìkan yóò tún iṣẹ́ náà ṣe láìpẹ́. Bí ojú irin bá jẹ níbi tí rọ́bà ti ń fara kàn án, a lè fi òrùka irin tẹ́ẹ́rẹ́ bò ó. Bí ó bá sán, àfi kí a pààrọ̀ rẹ̀.

Nítorí náà, mo dá a lábàá pé kí a ya títẹ̀, jíjẹ àti sísán sọ́tọ̀ nínú àkójọ ọ̀rọ̀ wa. Yorùbá ní wọn tẹ́lẹ̀. Lílò wọn bí ó ti tọ́ ni ó kù.